Ìràwọ̀ kan tí àlejò mi fún mi

Ẹ gbà mí o, ìràwọ̀ kan péré ni àlejò fún mi láàárọ̀ yìí!

Ìbàdàn ni ọkùnrin náà ti wá sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Gwagwarwa, ní Kano níbí. Yàrá tí mo ń fi háyà fún àlejò lórí áàpù ní Sabon Gari ló lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Láràárọ̀ ni mò ń gbé kókó àti kosai, àkàrà àwọn Hausa, lọ bá a. Màá jókòó tì í, màá máa bẹ̀ ẹ́ kó jẹun.

Ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún ló fún mi lórí áàpù, ohun tó sì kọ síbẹ̀ nìyí: "Ilé mọ́, ṣùgbọ́n onílé kì í jẹ́ kéèyàn sinmi."

Ó dùn mí wọra. Mo pè é.

"Bùrọ̀dá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"



"Mọ́mì, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dá sunkún, mi ò ráyè. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti kanlẹ̀kùn ni mò ń sáré nujú."

Mo ní kó má bínú.

Mi ò tíì lè fèsì sí ohun tó kọ sórí áàpù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa, pé a kì í fi ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ máa kanlẹ̀kùn àbí ẹ ò ní kàn án?