Fìlà Tó Bo Orúkọ Àwòrán

Bí ẹnu bá ti kan olóògbé Tíṣà Tún-un-Wò báyìí, ọjọ́ tó sọ pé irọ́ ni ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ń pa ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ogún ọdún gbáko ni bàbá náà fi ń kó àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin lọ wo àwòrán obìnrin kan ní yàrá kejì ilé náà. Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka pátákó kékeré tó wà lábẹ́ àwòrán kó tó fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan mẹ́wàá. Torí náà, bí wọ́n bá ti débẹ̀, á ṣí fìlà lórí, á fi kọ́ pátákó náà, orúkọ àwòrán á sì wọ abẹ́ fìlà lọ. Bí àwọn ọmọ bá wá ka nǹkan mẹ́wàá tán, á sọ fún wọn pé opó ni obìnrin yẹn, pé ìwé tó wà lórí itan rẹ̀ ni wọ́n fi túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún un. Àwọn ọmọ mìíràn a máa sunkún délé.

Àfi ọjọ́ kan tí fìlà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ọmọ kan tí ìwé kíkà rẹ̀ ti yá jù kà á sókè ketekete: “Aránṣọ Tó Ń Sinmi.”



“Aránṣọ kẹ̀?” ni Tíṣà wí. Ẹ gbà mí! Òun fúnra rẹ̀ kò ka pátákó náà rí. Ó ní òun ò tíì wo àwòrán náà tán. Ó súnmọ́ ọn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù.

“Ẹni tó kọ eléyìí,” ló wí, “kò wo àwòrán yìí dáadáa.”

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ilé náà lọ́dọọdún pé kí wọ́n yí pátákó náà padà. Wọ́n á ní àwọn dúpẹ́, wọ́n ò sì ní yí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pe Àǹtí Tíṣà sí ọ́fíìsì. Àǹtí Tíṣà ni wọ́n gbé kíláàsì bàbá náà fún. Kíláàsì yẹn kan náà ló ti jókòó nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá náà ló sì wò tó fi ní iṣẹ́ olùkọ́ lòun á ṣe.

“Èèyàn dáadáa ni bàbá yẹn,” ni ọ̀gá wí, “àmọ́ àwòrán wíwò kì í gba máàkì fọ́mọ. Odidi òwúrọ̀ kan ló ń bá a lọ lóṣooṣù. Lọ́jọ́rú, èmi náà á bá yín lọ. Tí mi ò bá rí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ó parí nìyẹn.”

“Ẹ ṣeun, mà,” ni Àǹtí Tíṣà rí sọ. Òun ò mọ ìtàn pa, bàbá ló mọ̀ ọ́n pa. Tí òun bá tẹ́ lọ́jọ́rú, ikú kejì ni bàbá náà kú yẹn, ọwọ́ òun ló sì ti máa kú u.

Àbí kí ni bàbá yẹn kì í fi àwòrán kọ́? Ara ògiri kíláàsì ló lẹ ẹ̀dà àwọn àwòrán mọ́. Bó bá di àkókò ìṣirò, á na igi sí ọkùnrin oníkùn ńlá kan.

“Bọ́tìnnì mélòó ló yẹ kó wà lára ẹ̀wù yìí?”

“Mẹ́jọ, sà!”

“Mélòó lẹ rí?”

“Méje, sà!”

“Níbo lèyí tó kù lọ?”

Àǹtí Tíṣà, tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà, nawọ́. “Ó ti já sínú ọbẹ̀, sà.” Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò ọmọ náà pé: Ọmọ yìí lójú. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ dòní.

Bí olùkọ́ mìíràn bá sì pòwe fún un pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i, á ní, “Àgbà tí kò kọ́ ọmọ rí ló pa òwe yẹn.”

Ìgbà kan wà tí bàbá ọmọ kan gbéjà wá. Káfíńtà ni, ó sì síngbọnlẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ̀ ń kọ́ ọmọ mi láfojúdi! Mo tibi iṣẹ́ dé, ọmọ jókòó tì mí, ó ń wò mí bí ẹni ń kàwé. Ó ní ojú mi ń bínú, àmọ́ ọwọ́ mi ò bínú, pé ó rẹ̀ ẹ́ ni!”

Tíṣà wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. “Ṣé irọ́ ló pa?”

Káfíńtà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. “Kò parọ́, Tíṣà. Ó ti rẹ̀ mí láti èṣí.” Nígbà tó di Sátidé, ó gbé òòlù wá, ó sì tún gbogbo bẹ́ǹṣì kíláàsì náà kàn.

Àmọ́ ẹ má rò pé ibi gbogbo lojú bàbá náà ti ń mú o. Nígbà tí Àǹtí Tíṣà lọ kí ìyàwó rẹ̀, ìyá náà pòṣé. “Ọkọ mi yìí kan náà! Ó lè fi wákàtí kan wo obìnrin ara ògiri. Mo pààrọ̀ kọ́tìnì pálọ̀, oṣù márùn-ún ló gbà kó tó bi mí ní ‘Ìyáálé, ṣé a ti kó lọ sílé mìíràn ni?’” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wọ yàrá, ó mú fìlà náà jáde. “Gbà á, ọmọ mi. Iṣẹ́ fìlà yìí ò tíì tán.”

Ọjọ́rú pé. Bàbá Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ yàrá kejì rí fìlà náà lọ́wọ́ Àǹtí Tíṣà, ó yíjú sápá kan. Òun àti olóògbé ti jà lórí fìlà yẹn tó! Ẹ̀ṣọ́ á ní, “Sà, a kì í fi nǹkan kọ́ ibẹ̀ yẹn.” Olóògbé á ní, “Mi ò fi nǹkan kọ́ ọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ni mo ṣí fìlà fún.” Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é lóṣooṣù.

Àǹtí Tíṣà fi fìlà bo pátákó. Àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀, ọ̀gá jókòó sórí àga, ó gbé báàgì lé itan. Àǹtí Tíṣà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn opó, ìtàn kọ̀, kò jáde.

“Ojú lọ̀rọ̀ wà,” ló wí níkẹyìn. “Kí lẹ rí?”

Wọ́n rí obìnrin, wọ́n rí ìwé, wọ́n rí tábìlì, wọ́n rí ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún. Wọ́n kà á dé mẹ́sàn-án, ó dúró. Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fa síìpù báàgì rẹ̀ pa.

“Àga kejì wà níbẹ̀,” ni ọmọbìnrin kan wí lẹ́yìn. Ohùn ọmọ yìí ṣọ̀wọ́n ní kíláàsì.

“Níbo?” ni Àǹtí Tíṣà bi í. Láti kékeré ló ti ń wo àwòrán yẹn, kò rí àga kankan rí.

“Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ṣókùnkùn. Wọ́n ti fà á kúrò nídìí tábìlì.”

“Kò sí àga níbẹ̀,” ni ọ̀gá wí. Ó dìde, ó súnmọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Háà! Àga mà ni lóòótọ́! Ta ló jókòó síbẹ̀?”

“Ẹni náà ti lọ, mà,” ni ọmọkùnrin kan wí.

“Ó ń bọ̀ ni,” ni ọmọbìnrin náà wí. “Ẹni tó bá ń retí èèyàn ló ń fa àga sílẹ̀ dè é.”

“Tó bá ń bọ̀, kí ló dé tójú rẹ̀ fi rí báyìí?” Ọ̀gá ló ń bá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jiyàn o! Ìdajì wákàtí kọjá, kò rántí aago mọ́. Àǹtí Tíṣà kò pa ìtàn kankan, omi sì ti lé sí i lójú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Ìgbà wo la tún ń bọ̀?”

“Lóṣù tó ń bọ̀, mà, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ sí i.”

“Ó ti pẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ àga yẹn ò tíì yé mi. Mo fẹ́ tún un wò.” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, kò kọ́kọ́ mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó yé e pé orúkọ olóògbé lòun pè, òun náà rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Tíṣà padà wọlé lọ mú fìlà. Bàbá Ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ dá a dúró.

“Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ títí a ó fi tìlẹ̀kùn.”

“Bí ọ̀gá yín bá rí i ńkọ́, sà?”

“Màá ní mi ò rí i.” Ó nu ojú rẹ̀. “Àárò bàbá yẹn ń sọ mí, Àǹtí.”

Ó lọ gbé àga tó máa ń jókòó lé nígun yàrá, ó gbé e síwájú àwòrán náà bí ẹni tó ń retí èèyàn, ó sì padà lọ dúró sáyè rẹ̀ lórí ìdúró.