Owó Ìfẹ̀yìntì Mi Dákẹ́ Lẹ́yìn Tí Mo Padà Sí Kíláàsì

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo fẹ́ sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi dùbúlẹ̀ àìsàn! Ní báyìí tí ọkàn mi ti balẹ̀, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Nígbà náà, wòláhì, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé tíṣà ni mí. Kẹ́mísírì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan lápá Tanke, níbí ní Ìlọrin. Nígbà tí mo pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, mo fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sọ̀rọ̀ rere nípa mi, wọ́n fún mi ní aago ògiri, mo bá gbalé lọ.

Mo rò pé ìsinmi á dùn. Ìsinmi wo? Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ dùn o, n ò ní parọ́. Mo sùn, mo jí, mo tún sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da Bàbá Ràmótà, ọkọ mi, láàmú. Tí wọ́n bá gbé ife sílẹ̀, màá bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi gbé e síbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ jáde, màá bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa dé. Lọ́jọ́ kan wọ́n wò mí títí, wọ́n wá ní ṣé àwọn náà ti di ọmọ kíláàsì mi ni?

Àfìgbà tí pírínsípà ilé ìwé wa pè mí lórí fóònù. Fúnmi lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, àmọ́ Ìlọrin ló ti ń gbé látìgbà tó ti wá ṣe àgùnbánirọ̀, abẹ́ mi ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣà. Ó ní tíṣà tó rọ́pò mi ti bá ọ̀nà òkè òkun lọ, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde kò rẹ́ni kọ́ wọn, àti pé ìjọba ti gbà káwọn ilé ìwé pe tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì padà lórí kọ́ńtírákì.

Ó ní, "Alhaja mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ gbà wá."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò ná. Èké! Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, mo ti ń wá bàtà tí mo fi ń lọ sílé ìwé.

Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rẹ́ kan, Alhaja Sìfáwù. Tíṣà lòun náà, a jọ fẹ̀yìn tì nígbà kan náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìwé tiwa yàtọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó lanu.

"Má dán an wò o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé pẹ́ńṣàn ẹ ni? Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì tó tún padà wọlé, wọ́n á ní ó ti rí iṣẹ́ mìíràn, wọ́n á dá owó ẹ̀ dúró. Tí wọ́n bá ti dá a dúró, ó parí nìyẹn!"

Ó ka orúkọ àwọn tó ní ó ti ṣẹlẹ̀ sí. N ò mọ ìkankan nínú wọn, òun náà ò sì mọ̀ wọ́n. Ẹnì kan ló sọ fún ẹnì kan tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọ inú mi.

Mo lọ bá Fúnmi, mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ náà. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi. Ó ní ọdún kan ni kọ́ńtírákì náà, wọ́n lè tún un ṣe tó bá parí. Kò sí ìgbéga nínú ẹ̀, n ò sì lè jẹ́ olórí ẹ̀ka kankan mọ́. Wọn ò ní ka ọdún náà mọ́ ọdún iṣẹ́ mi àtijọ́. Tí mo bá fẹ́ fi í sílẹ̀, kí n sọ fún wọn ní oṣù kan ṣáájú. Ó ní ní ti pẹ́ńṣàn tí mo ti ń gbà, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án. Mo gbọ́, mo sì fọwọ́ sí i. Ṣé mo gbà á gbọ́ tán? Ìdajì ni o. Ìdajì yòókù wà lọ́dọ̀ Alhaja Sìfáwù.

Ẹ wo ayé! Ṣé ẹ mọ ẹni tó wá jẹ́ olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì nígbà tí mo padà débẹ̀? Rasáàkì, ọmọ tí mo kọ́ níwèé nínú ọgbà yẹn kan náà! Òun ló gbọ́dọ̀ máa buwọ́ lu àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ bá a, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí n má bínú. Mo ní kó buwọ́ lù ú jàre, òfin lòfin ń jẹ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wá ń wúkọ́. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Mà, ẹ ò kọ ọjọ́ sí i." A jọ rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ ló rọrùn o. Ní ìpàdé tíṣà àkọ́kọ́, ẹnì kan pẹ́ dé, mo sì ti ń bá a wí kí n tó rántí pé n kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni mọ́. Fúnmi kàn wo bébà iwájú ẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo rí i pé èmi kọ́ ló máa kọ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sókè, pé tí agogo bá ti lù, mo lè gba ilé mi lọ, mo sọ fún ara mi pé ìrọ̀rùn nìyí! Kí n kọ́mọ níwèé, kí n wọ kẹ̀kẹ́, kí n bọ́ sílẹ̀ lọ́jà Ìpàtá, kí n ra iṣu, kí n rìn dé ilé. Bàbá Ràmótà náà dúpẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gba òmìnira.

Bí inú mi ṣe ń dùn báyìí ni oṣù parí. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn èèyàn wọlé. Tèmi ò wọlé.

Mo ní bóyá ilé ìfowópamọ́ ló ń ṣe wàhálà. Oṣù kejì dé, dákẹ́! Owó kọ́ńtírákì náà ò tíì bẹ̀rẹ̀, torí ìwé mi ṣì wà lọ́nà láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Ìyẹn ni pé kò sí nǹkan tó ń wọlé rárá. Mo pe Alhaja Sìfáwù, mo rò pé á tù mí nínú. Ohun tó sọ ni pé, "Ṣé mi ò sọ fún ẹ?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ká mi lára jù. Bàbá Ràmótà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lójoojúmọ́ ni. Pẹ́ńṣàn mi la fi ń rà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gbálẹ̀ yàrá, mo rí páálí oògùn náà, oògùn ṣì wà nínú ẹ̀. Ó sì yẹ kó ti tán! Mo bi wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ ń yí ojú. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ń lò ó lónìí, àwọn ń fo ọ̀la, kó lè pẹ́ lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ da ọkàn ẹ rú. Mo rí i pé inú ẹ ń dùn síṣẹ́ yẹn."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún. Irú ayọ̀ wo ni mo ń yọ̀ nílé ìwé, tí ọkọ mi ń fo oògùn nílé? Mo pinnu lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ náà ti parí.

Mo wọ ọ́fíìsì Fúnmi, mo ní mo ti ṣíwọ́. Mo ní n kì í ṣe aláìmoore, àmọ́ iṣẹ́ yìí ti gba ẹ̀tọ́ mi lọ́wọ́ mi. Ó dìde nídìí tábìlì ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ pé kọ́ńtírákì ló fà á?"

Mo ní gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́.

"Ṣé àwọn tó ń san án ló sọ ọ́?"

Ṣé ẹ gbọ́? Látìgbà tí owó náà ti dúró, n ò tíì dé ọ́fíìsì wọn rí! Ẹ̀rù ìdáhùn tí wọ́n máa fún mi ló ń bà mí.

"Ẹ lọ bi wọ́n lónìí. Tí wọ́n bá ní torí iṣẹ́ yìí ni, ẹ ò ní retí oṣù kan kankan, èmi fúnra mi ni màá kó ẹrù yín dé ìdí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má torí àgbọ́sọ fi àwọn ọmọ yìí sílẹ̀."

Ó ní kí Rasáàkì gba kíláàsì mi lọ́jọ́ yẹn. Mo bá lọ.

Ọ́fíìsì pẹ́ńṣàn kún fún àgbàlagbà bíi tèmi. Bàbá kan jókòó tì mí, ó ń tẹ tẹ̀sùbáà, èmi náà ń ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀. Nígbà tó kàn mí, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ híjáàbù ló dá mi lóhùn. Ó gba orúkọ mi, ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ìyá, níbo lẹ wà nígbà tá a ṣe àyẹ̀wò?"

"Àyẹ̀wò wo?"

"Èyí táwọn tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wá ṣe, ká lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láyé. Ẹ ò wá."

Mo sún mọ́ ọn. Mo rọra bi í bóyá kì í ṣe torí pé mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lórí kọ́ńtírákì ni. Ó wò mí bíi pé n ò mọ ohun tí mo ń sọ.

"Ìyá, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe kọjá la ń sanwó ẹ̀ fún yín. Kọ́ńtírákì ò kàn wá níbí, ẹ ṣe é kó pẹ́. Ẹni tí kò bá wá fara hàn la máa ń dá tiẹ̀ dúró, torí a ò mọ̀ bóyá ó ti kú."

"Ṣé mo ti kú ni?"

"Ẹ ò tíì kú mà. Ẹ kàn dákẹ́ ni."

Bàbá tó ń tẹ tẹ̀sùbáà yẹn wá pariwo, "Alhaja, ẹ kú àjíǹde o!" Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín! Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ya fọ́tò mi, mo tẹ̀ka, wọ́n ní owó tó ti dúró máa bá ti oṣù tó ń bọ̀ wọlé. Alihamudulilahi!

Ẹ ó bi mí pé báwo ni n ò ṣe gbọ́. Orí rédíò ni wọ́n ti kéde ẹ̀, láàárọ̀, nígbà tí mo wà lórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé ìwé. Bàbá Ràmótà ló ń gbọ́ rédíò nílé, àmọ́ ìròyìn bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Alhaja Sìfáwù ńkọ́? Ó lọ o! Ó ṣe tiẹ̀! Ó rò pé èmi náà ti lọ ní tèmi ni.

Nígbà tí owó náà wọlé, tí fóònù mi dún nínú báàgì, inú kíláàsì ni mo wà. Òfin ò gbà kí tíṣà gbé fóònù síta níwájú àwọn ọmọ, mo sì mú un mọ́ra títí agogo fi lù. Mo jáde, mo wò ó, mo wá fara ti ògiri. Mo pe Bàbá Ràmótà, mo sọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n lọ gbé oògùn wọn, kí wọ́n lò ó kí n gbọ́. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé omi mì. Inú mi wá rọ̀ wọ̀ọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Alhaja Sìfáwù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú. Ó wá rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀, ó ní ṣé wọn ò wá tíṣà tó ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè níbẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ẹ̀rù máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ òfin, kò sì mọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá pè yín padà síbi iṣẹ́ àtijọ́, ẹ béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ni ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì lọ bi àwọn tó ń san pẹ́ńṣàn yín fúnra yín. Iṣẹ́ ò sì gbọdọ̀ gbà yín lọ́kàn débi tẹ́ ẹ máa gbàgbé láti lọ fi hàn pé ẹ wà láàyè!

Ta ló ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì nínú yín? Kí lojú yín rí? Ṣé àwọn tó wà lábẹ́ yín tẹ́lẹ̀ ló wá di ọ̀gá yín? Ẹ sọ tiyín nísàlẹ̀ ibí, mo fẹ́ kà á. Ẹ̀yin ọmọ tó ní òbí nílé, ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti lọ fara hàn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ka ẹni tó ṣì ń jẹ iṣu mọ́ òkú.