Iná Tó Ń Tàn ní Kọ́nà Iléeṣẹ́ Pákó

Tẹ́sítà là ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, torí tẹ́sítà tó fi ń yẹ iná wò kì í kúrò létí rẹ̀. Iná ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Èmi ni mò ń ta fíúsì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ojú mi ló ṣe, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àlá ni mo lá.

Tíṣà obìnrin kan gbé ọkọ̀ funfun kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá láàárọ̀ Sátidé. Ó ní iná bíréèkì kan ń tàn lójú dáṣíbọọdù, èyí tó ń sọ pé táyà lè há nínú òjò kí ọkọ̀ sì yọ̀. Kọ́nà iléeṣẹ́ pákó nìkan ló ti ń tàn.

Ibẹ̀ ni àbúrò wa kú sí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Òjò ń rọ̀, ọkọ̀ búlúù rẹ̀ yọ̀, ó lọ forí sọ igi. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ sọ pé eré àsápajúdé ni. Màámi já fọ́tò àbúrò wa kúrò lára ògiri, wọ́n ní àwọn ò bí ọmọ tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í tú ọkọ̀ láìkọ́kọ́ wà á. Àwa mẹ́ta la jọ lọ. Bá a ṣe dé kọ́nà, iná náà pọ́n rúsúrúsú. Bá a ṣe kọjá, ó kú.

A padà dé, ó so kọ̀ǹpútà mọ́ ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka bí táyà ẹ̀yìn ṣe ń yí ló bàjẹ́, ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ó wá yí kọ́kọ́rọ́ wò. Gbogbo iná dáṣíbọọdù ló yẹ kó kọ́kọ́ tàn tá a bá yí kọ́kọ́rọ́; wọ́n tàn, àfi ẹyọ kan yẹn.

"Kí ló dé tí kò tàn níbí?" Ó tú dáṣíbọọdù.

Wọ́n ti gé wáyà iná náà. Wọ́n fi téèpù dúdú wé ẹnu rẹ̀, wọ́n sì fi òwú pupa so ó ní kókó méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fi òwú so téèpù: ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ta ló wá ń tan iná tí ò ní wáyà?

Ẹ̀gbọ́n mi ká rọ́bà ilẹ̀kùn sókè. Kùn búlúù wà lábẹ́ funfun. Ọkọ̀ àbúrò wa ni, tí wọ́n ti tún ṣe, tí wọ́n sì tún kùn.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó ń kánjú, iná yẹn ń dà á láàmú. Mo ní kí n gé wáyà rẹ̀ ná, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé kí n tún bíréèkì ṣe. Ọjọ́ Àìkú ló kú."

Inú bí mi, mi ò ní purọ́. "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ ká máa bú òkú?"

Ó so wáyà padà, ó gbé ọkọ̀ fún tíṣà, ó sì lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Màámi. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Màámi ò pariwo. Wọ́n fa fọ́tò náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fi etí ìró nù ún.

"Ojoojúmọ́ ló ń wá bá mi lójú oorun, á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Á ní, 'Màámi, mo tẹ bíréèkì.' Mo sì ń lé e jáde. Mo ní òpùrọ́ ni."