Ibi Tí Oòrùn Wà Lẹ́yìnkùlé Wa

Káfíńtà tí mo pè láti àdúgbò Aboabo rìn yí ẹ̀yìnkùlé wa ká lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ kó bá mi kọ́ ilé ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń to igi rẹ̀, tí wọ́n á wá fi ọ̀rá funfun bò ó, kí òjò má baà ba tòmátì mi jẹ́ mọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọ̀gbìn ló kù tí mo fi ń dá ara mi lára yá. Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó gbójú sókè, ó wá nàka sí igun kan.

“Maame, ha na owia wɔ.”

Ó fi èdè Àṣáńtì sọ pé ibẹ̀ ni oòrùn wà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ nìkan ló ti ń ràn dáadáa. Máńgòrò aládùúgbò ṣíji bo apá kan, omi sì máa ń dúró sí apá kejì. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni yàrá bàbá mi wà.

Kì í ṣe yàrá mọ́. Ògiri amọ̀ rẹ̀ ti wó tipẹ́. Ìpìlẹ̀ ló kù, pẹ̀lú àtẹ̀gùn sìmẹ́ǹtì kan ṣoṣo tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba ibí ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ sí ìlú wọn, bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wà lára àwọn tó di ẹrù. Oyún mi wà nínú ìyá mi, àìsàn sì dá a dùbúlẹ̀. Ìyá ìyá mi, ọmọ Àṣáńtì tó ni ilé yìí, ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ òun kú sójú ọ̀nà. Bàbá mi ní òun ń bọ̀ kí n tó dé ayé. Mo dé, wọn ò dé. Lẹ́tà méjì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó parí síbẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ ni ìyá mi máa ń gbá orí àtẹ̀gùn yẹn.

Nígbà tí mo sọ ohun tí káfíńtà wí fún wọn, ìrẹsì ni wọ́n ń ṣà. Wọn ò gbójú sókè.

“Ibòmíràn ò sí?”

“Oòrùn ò sí níbòmíràn, Ìyá mi.”

“Bó bá dé ńkọ́?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ǹ bá má rẹ́rìn-ín. “Bàbá á ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ báyìí.”

“Èmi náà ti darúgbó. Ṣé mo ti kú ni?”

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti káfíńtà kan èèkàn mọ́lẹ̀, a ta okùn yí i ká. Kí wọ́n tó pe ìrun alásàrì, ẹnì kan ti fa gbogbo èèkàn náà tu, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ó sì ká okùn náà rọ́bọ́tọ́. A tún kàn án. Ìyá mi tún tú u. Wọn ò bínú sí mi, wọ́n kàn ń tú u ni.

Lọ́jọ́ Sunday, bí ìyá mi ṣe jáde lọ sí àsàlátù ni mo ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó gbé òòlù ńlá dání. Ó bi mí bóyá ìyá àgbà ti gbà. Mo ní wọ́n ti gbà. Mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi lu àtẹ̀gùn náà. Mi ò mọ̀ pé inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí mi ò rí rí. Mo ń lù ú, omi ń bọ́ lójú mi, àfi ìgbà tó fọ́ yángá.

A ò tíì kó àfọ́kù náà tán tí ìyá mi fi dé, pẹ̀lú gèlè funfun wọn. Káfíńtà wo ojú wọn, ó wo tèmi, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Due, Maame,” ló sọ, bí ẹní ń kí ọlọ́fọ̀.

“Ta ló fọ́ ọ?”

“Èmi ni.” Mo kúnlẹ̀.

Wọ́n jókòó sórí ìpìlẹ̀. “Bàbá rẹ ti kú. Ẹnì kan wá sọ fún mi nígbà tí o wà ní kíláàsì kẹta.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Orí àtẹ̀gùn yẹn lo máa ń jókòó sí dè é, tí o bá ti ilé ìwé dé. Mo ní kí o dàgbà díẹ̀ ná. Nígbà tí o dàgbà, ẹnu mi ò gbà á mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣe àdúà fún un.”

Ilé ọ̀rá náà ti dúró báyìí. Lẹ́mọ́ọ̀mù wá ṣàdúà fún bàbá mi, a sì ṣe sàráà. Tòmátì ń so dáadáa. Tí mo bá kó o wá fún ìyá mi, wọ́n á gbà á, wọ́n á ní alihamudulilahi, ṣùgbọ́n wọn ò tíì wọ ibẹ̀ rí. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n bú mi. Mo sì ti jókòó ronú títí, mi ò rántí ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yẹn, bí wọ́n ṣe wí, tí mo ń dúró de ẹnikẹ́ni.