Nígbà tí Ara Mi Gbé Ogun Ti Ara Rẹ̀

Bútà àlùwàlá ni mo fẹ́ gbé ní ìdájí ọjọ́ náà, àfi bí ìka mi ṣe kọ̀ tí kò ká. Mo rò pé mo sùn lé ọwọ́ ni. Nígbà tí oòrùn mú, ó tú díẹ̀, mo sì lọ síléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Òmù-Àrán. Nígbà tó yá, ṣọ́ọ̀kì ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Oríkèé ìka wú, ọrùn ọwọ́ wú, orúnkún tẹ̀ lé e. Bí mo bá ṣe ń sinmi tó ló ń le tó. Ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ló wá ń bá mi wé gèlè, èmi tó yẹ kí n máa tọ́jú rẹ̀! Mo sunkún.

Ní ọsibítù ní Ìlọrin, lẹ́yìn ìjókòó tó sú mi, dókítà ní àwọn ọmọ-ogun ara, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń bá kòkòrò àrùn jà, ló ń bá oríkèé mi jà. Mo bi í pé ta ló rán wọn.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú sẹ́ẹ̀lì, ọwọ́ dé ọwọ́ ni ìròyìn ń lọ. Pùrótéènì kan wà tó jẹ́ alásopọ̀: iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú àwọn tó ń gba ìròyìn sún mọ́ ara wọn. Òmíràn, kínéèsì, ló ń lẹ àmì tíntìntín mọ́ ẹni tó kàn lára, àmì yẹn ló sì ń jí onítọ̀hún, títí àṣẹ ogun yóò fi jáde. Nínú ara tèmi, àṣẹ ń jáde láìsí ọ̀tá.

Oògùn àkọ́kọ́ ò ṣe nǹkan kan. Èkejì dí kínéèsì lọ́wọ́, ìka mi sì ká. Ṣùgbọ́n dókítà kìlọ̀: "Bí àrùn gidi bá wọlé, ara yín lè má pariwo, ó lè má tilẹ̀ gbóná. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún wa."

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ara mi ò sì gbóná. Nọ́ọ̀sì ọsibítù náà pè mí lórí fóònù láti béèrè àlàáfíà mi.

"Ṣé ara ti le, mà?"

"Alihamudu lilahi, àlàáfíà ni."

"Kò síbi tó ń dùn yín?"

"A dúpẹ́ f'Ọ́lọ́run."

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nílé wa nìyẹn. Ẹni tó bá bi ọ́ léèrè àlàáfíà, ọpẹ́ ni wàá fi dá a lóhùn. Ẹni tó bá ń ka ìrora rẹ̀, aláìmoore ni. Ìyá mi gan-an ló kọ́ mi. Òun náà ló gba fóònù lọ́wọ́ mi, tó sọ fún nọ́ọ̀sì pé:

"Ọmọ mi, ẹ má gbà á gbọ́ o! Ó ń wúkọ́, kò lè mí kanlẹ̀."

Wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní ọsibítù, òtútù àyà ni wọ́n sì bá lára mi. Dókítà ní ká ní a fi falẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá bẹ́yìn yọ. Wọ́n dá oògùn oríkèé dúró kí àyà lè san, ni ìka mi bá tún gan. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi máa padà. Ẹ̀rù bà mí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí àyà san, wọ́n tún fún mi ní oògùn oríkèé, ọwọ́ mi sì padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pé bíi ti tẹ́lẹ̀. N kò bínú sí ara mi mọ́. Ó fẹ́ gbà mí là ni, ó kàn ṣì í ṣe. Ẹ̀yin tí irú èyí bá ṣe, ẹ má fi ọpẹ́ bo àìsàn mọ́lẹ̀. Ní báyìí, bí nọ́ọ̀sì bá pè, màá kọ́kọ́ sọ ibi tó ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni màá tó dúpẹ́.