Ìyá Pa-Ohùn-Mọ́

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ fíìmù kì í ríra wọn sójú. Ọ̀gá ní ìṣeré ọmọdé ni kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ obìnrin náà. Obìnrin náà ní aláìmọ̀kan ni ọ̀gá, kì í sì í sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Pa-Ohùn-Mọ́ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ yìí. Ọmọ tó bá gbé fíìmù wá, olùkọ́ á kọ́kọ́ pa ohùn fíìmù náà, á wá pe bàbá aṣọ́nà wọlé kó wò ó. Bí kò bá yé bàbá, wọ́n á tún un yà nìyẹn. Bí ọmọ bá fẹ́ ṣàlàyé, á jágbe mọ́ ọn: "Panu ẹ dé! Ṣé wàá máa tẹ̀lé gbogbo ẹni tó bá wò ó délé ni? Ojú lọ̀rọ̀ wà!" Kò lẹ́nu rere, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá ní òun máa ti yàrá náà pa, àfi bí fíìmù àwọn ọmọ bá yé àwọn òbí lọ́jọ́ ìpàdé. Àwọn ọmọ bá ya ohun tó ń dùn wọ́n. Ọ̀gá ti ti àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pa, ó ní ọ̀bùn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìdì kọ́kọ́rọ́ wọn kì í kúrò ní ìgbànú rẹ̀. Nínú fíìmù, ọmọbìnrin kan di ikùn mú, ó ń sáré láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. Àgádágodo ló ń bá níbi gbogbo.

Lọ́jọ́ ìpàdé, bí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ inú fíìmù ṣe yọ lójú ògiri gbọ̀ngàn ni ọ̀gá ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Ó fa wáyà agbóhùnjáde yọ.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Kò ní lè yé yín mọ́."

Ìyá Pa-Ohùn-Mọ́ ní: "Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá."

Fíìmù ń lọ láìní ohùn. Ọmọbìnrin náà dé ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀, ìtọ̀ ti rin yẹ̀rì rẹ̀. Ìyá kan fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá bá sáré gba àárín àwọn òbí kọjá kó lè paná ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde. Kọ́kọ́rọ́ ìbàdí rẹ̀ ń dún woroworo bó ṣe ń lọ, kò sì sí ohùn míì tó bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ojú kúrò lára ògiri, ó bọ́ sí ìgbànú rẹ̀.

Bàbá kan dìde dínà mọ́ ọn.

"Ọ̀gá, ẹ dúró ná. Èwo ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú kọ́kọ́rọ́ yẹn?"