Ẹ̀yìn Orí Oníṣẹ́-Àga

Obìnrin kan wà tó ń fi fóòmù àti aṣọ tuntun wọ àga fún gbogbo àdúgbò, àmọ́ àga ilé tirẹ̀ ò ṣeé wò. Bí àlejò bá jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, irin á gún un nídìí, eruku á bò ó, àlejò á sì máa fi tipátipá rẹ́rìn-ín pé ilé yín mà dára. Kì í ṣe ẹjọ́ obìnrin náà. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló ni pálọ̀. Màmá sì ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀: ì báà jẹ́ àga, ì báà jẹ́ kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó ti di aláwọ̀ eruku, ì báà jẹ́ tẹlifíṣàn onígi tó ti kú tipẹ́, tí wọ́n ṣì ń nù lójoojúmọ́ bí ẹni ń tọ́jú aláìsàn.

Àga kan ṣoṣo ló yàtọ̀, àga bàbá ọkọ tó ti di olóògbé. Nígbà tí obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó ilé, Màmá rìnrìn àjò, ìyàwó sì ní òun fẹ́ ṣe ìyá ọkọ òun lóore. Ó tú àga náà palẹ̀, ó kó fóòmù ògbólógbòó inú rẹ̀ dànù, ó fi tuntun sí i, ó sì fi aṣọ pupa wọ̀ ọ́. Kò mọ̀ pé ibi tó tẹ̀ wọnú lára fóòmù yẹn, ojú ìjókòó bàbá ni, àti pé ibẹ̀ ni Màmá máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́ láti fi rántí ọkọ rẹ̀. Màmá dé, ó wo àga náà, ó ní, "O ti pa ọkọ mi lẹ́ẹ̀kejì."

Láti ọjọ́ náà, kò pè é ní ọmọ mi mọ́, kò pè é ní ìyàwó mi. Oníṣẹ́-Àga ló ń pè é, bí ẹni tó ránṣẹ́ pe káfíńtà wá wo ilẹ̀kùn. Nígbà tó yá, gbogbo àdúgbò bá a pè é. Ó bímọ, ọmọ dàgbà, ọmọ tilẹ̀ ti kúrò nílé, Oníṣẹ́-Àga ló ṣì ń jẹ́. Ohun tó wù ú jù láyé ni pé kí obìnrin yẹn tún pe òun ní ọmọ mi kó tó pa ojú dé. Ẹ má bi mí pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀yin náà, ó ní ohun tẹ́ ẹ̀ ń wá.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn táwọn onífíìmù fi kanlẹ̀kùn. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni wọ́n fẹ́ ṣe, nípa ẹbí kan lásìkò Kérésì ayé àtijọ́. Wọ́n ti wá pálọ̀ àtijọ́ káàkiri, wọn ò rí. Nígbà tí ọ̀gá wọn wọ pálọ̀ Màmá, díẹ̀ ló kù kó sunkún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbálẹ̀. Eruku yẹn gan-an la fẹ́." Bí Màmá ṣe gbọ́ pé wọn ò ní pààrọ̀ nǹkan kan, ó gbà fún wọn.

Àárín ọdún ni o, ooru ń mú bíi pé wọ́n dáná sábẹ́ ilẹ̀. Wọ́n gbé igi Kérésì síbi fèrèsé, wọ́n fi gílóòbù wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú yí i ká, wọ́n sì wọ àwọn òṣèré ní súẹ́tà. Aládùúgbò kan rí gílóòbù yẹn lójú ọ̀nà, ó sáré lọ bá ìyàwó rẹ̀ jà pé kò sọ fún òun pé ọdún ti dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, télọ̀ tó wà lódìkejì ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ẹ kú ọdún, wọ́n sì ń dá a lóhùn.

Ọkọ Oníṣẹ́-Àga, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tibi iṣẹ́ dé, ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dá a dúró.

"Ta lẹ ń wá?"

"Èmi ni bàbá ilé yìí."

"Bàbá ilé wà nínú ilé," ni onítọ̀hún wí, ó sì nawọ́ sí òṣèré kan tó dé fìlà bàbá olóògbé. Ọkọ ronú sí i títí, ó bẹ̀bẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ebi ń pa á. Ó rí odindi adìyẹ díndín kan lórí tábìlì, ó ya itan rẹ̀ kan jẹ. Kò mọ̀ pé fáníìṣì tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn ni wọ́n fi pa á lára kó lè máa dán nínú fíìmù. Ètè rẹ̀ dán títí ó fi lọ sùn.

Kẹ́ ẹ tó ní mo ń bù mọ́ ọn, ẹ gbọ́ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣèré tó yẹ kó ṣe ìyá àgbà ò wá, ni ọ̀gá onífíìmù bá yíjú sí Màmá. Ó ní eré náà ò le: ìyá àgbà lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde nílé nítorí pé ó jẹ́ kí adìyẹ Kérésì jóná. Lọ́jọ́ Kérésì gan-an, ìyàwó padà wá, ó jókòó sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ìyá. Ìyá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ní, "Ọmọ mi, jókòó dáadáa. Ilé rẹ nìyí." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Màmá jókòó sínú àga pupa, òṣèrébìnrin tó ń ṣe ìyàwó jókòó sílẹ̀, Oníṣẹ́-Àga sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú àwo omi lọ́wọ́. Màmá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó já geere, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ mi. Obìnrin tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ló pè bẹ́ẹ̀. Ó dun Oníṣẹ́-Àga wọra. Ó padà sílé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tó ti mọ́.

Eruku àga ló bá a gbèjà. Òṣèrébìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín, ó sín títí ojú rẹ̀ fi wú, wọ́n sì fẹ́ tún ibẹ̀ yà látẹ̀yìn kí ojú Màmá lè hàn. Ọ̀gá wò yíká, ó rí Oníṣẹ́-Àga nílé ìdáná. "Ẹ̀yin àti òun lẹ dọ́gba. Ẹ̀yìn orí lásán la fẹ́ lò." Wọ́n dé wíìgì fún un, wọ́n wọ aṣọ òṣèrébìnrin náà sí i lọ́rùn, wọ́n fi ìborùn bo ibi tí kò pa dé lẹ́yìn, wọ́n sì fi í jókòó síbi ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Ó tẹrí ba bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé.

Màmá gbé ọwọ́ lé wíìgì. Ó ní, "Oníṣẹ́-Àga, jókòó dáadáa."

Ọ̀gá ní kí wọ́n tún un ṣe. Màmá ní, "Ọ... ọ̀rẹ́ mi, jókòó." Wọ́n tún un ṣe, ó kàn ní, "Jókòó."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọ̀gá bẹ̀bẹ̀, "ṣebí ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan?"

"Eré ni mò ń bá ìyẹn ṣe," ni Màmá dá a lóhùn. "Eléyìí kì í ṣe eré."

Kí ọ̀gá má baà jókòó lásán, ó ní àga pupa yìí tuntun ju àwọn yòókù lọ, ó ń dán sí kámẹ́rà, kí wọ́n fi pépà káfíńtà ha á kó lè gbó. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ àga, ni Màmá bá gbá a lọ́wọ́.

"Sún kúrò níbẹ̀. Ṣé o mọ ẹni tó ṣe àga yìí ni? Gbogbo àga ilé yìí ló ń gún mi nídìí, eléyìí nìkan ló gbà mí. Láti ọjọ́ tí mo ti jókòó sínú rẹ̀ ni ẹ̀yìn ti yéé dùn mí. Mi ò kàn sọ ọ́ ni."

Ó bojú wolẹ̀, ó rí ojú Oníṣẹ́-Àga lábẹ́ wíìgì. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ní. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ọmọ mi, jókòó dáadáa. Ilé rẹ nìyí."

Ọ̀gá ti ń múra àtifò sókè, ni Oníṣẹ́-Àga bá wúkọ́. Wọ́n tún un ṣe, Màmá sọ ọ́, Oníṣẹ́-Àga wúkọ́. Wọ́n fún un lómi, ó mu ún tán, Màmá tún sọ ọ́, ó tún wúkọ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń lurin lójú kan, ó lóhun tó ń wá níbẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sétí rẹ̀.

"Kò sí ohun tó ń ṣe ọ́."

"Kò sí, Màmá."

"Tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn onífíìmù ti lọ, Màmá sì ké láti pálọ̀ pé, "Oníṣẹ́-Àga, tíì mi dà?" Ó dun obìnrin yìí, àmọ́ ó fi fíìmù tu ara rẹ̀ nínú. Ó ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé ẹ dúró dìgbà Kérésì, ẹ ó gbọ́ ohun tí Màmá pè mí, gbogbo ayé ni yóò gbọ́ ọ.

Kérésì gidi dé. Ọmọ ilé padà wá, télọ̀ àti aládùúgbò wá, wọ́n yá tẹlifíṣàn tó ń ṣiṣẹ́ gbé lé orí èyí tó ti kú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyàwó inú fíìmù kanlẹ̀kùn. Oníṣẹ́-Àga sún mọ́ tẹlifíṣàn. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, gbogbo ẹbí ti wà nídìí tábìlì, wọ́n ń jẹun, adìyẹ sì wà láàárín wọn tòun ti itan kan ṣoṣo tó kù. Wọ́n ti gé ibi tí à ń wí yẹn dànù. Ẹ̀yìn orí pàápàá, kò sí.

"Èmi ni mo jẹ itan kejì," ni ọkọ rẹ̀ wí, inú rẹ̀ dùn. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Oníṣẹ́-Àga dìde, ó ní òun fẹ́ lọ fọ abọ́.

"Ẹ pa nǹkan yẹn," ni Màmá wí. Wọ́n pa á. Ó dìde, ó lọ jókòó sínú àga pupa. "Oníṣẹ́-Àga, wá síbí. Jókòó sílẹ̀."

"Màmá, kò sí kámẹ́rà mọ́."

"Ṣé mo fọ́jú ni?"

Ó jókòó sílẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí níṣojú gbogbo wọn. "Ọmọ mi," ó ní, "jókòó dáadáa. Ilé rẹ nìyí."

Ọkọ rẹ̀ ti sáré lọ bu omi wá. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, kò wúkọ́.